Kúbà ọjọ́ mẹ́wàá: mùsíọ́mù tèmi, ọgbà màmá mi

Àbíkẹ́ Peckham

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Màmá mi pé ẹni ọdún 68 lọ́dún yìí, Kúbà ni wọ́n ní kí n mú àwọn lọ. Òdòdó ni tiwọn. Bí ẹ bá bá wọn dé ọgbà ewéko Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ orúnkún lẹ́nu wọn títí ẹ ó fi padà sílé. Èmi ní tèmi, mùsíọ́mù ni mo fẹ́, pàápàá èyí tó bá kan àwọn èèyàn wa tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrú kó débẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá la ní, láti ìparí oṣù Kìn-ín-ní bọ́ sí oṣù Kejì. A ò fẹ́ lọ jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan létí òkun ní Varadero, ká máa jẹ, ká máa sùn, ká tún padà wálé.

Ìṣòro méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni orúnkún náà: àtẹ̀gùn tó bá ti ju ogún lọ, ìjà dé. Ìkejì, Ìyá Ìjọ ni màmá mi, wọ́n sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé, "Àbíkẹ́, mi ò bá ẹ débi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà o." Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé Kúbà la ń sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ibo la lè yà sí létí òkun yẹn tí kò fi ní sí ìjà láàárín ìyá àti ọmọ? Páásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba làwa méjèèjì ń lò.

Akínrìnàjò

Kí ẹ tó dórí ọgbà, ẹ jẹ́ n sọ èyí tí ẹnì kan ò sọ fún mi. Ẹni tó bá ní páásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba, tó bá ti tẹ Kúbà láti oṣù Kìn-ín-ní 2021 wá, kò lè lo ESTA, ìwé àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, wọ Amẹ́ríkà mọ́. Físà gidi ló máa lọ gbà ní ẹ́ńbásì, ẹ sì mọ bí ìlà ibẹ̀ ṣe rí. Àbúrò mi ṣègbéyàwó ní Maryland, ọjọ́ tí mo fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ni mo tó mọ̀. Orí fóònù ni mo ti wo aṣọ ẹbí tí èmi náà sanwó ẹ̀.

Físà Kúbà fúnra rẹ̀ ò le, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Fọ́ọ̀mù kan tún wà tí wọ́n ń pè ní D'Viajeros, ẹ kún un nígbà tó bá ku ọjọ́ méje tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń béèrè inṣọ́ránsì ìlera. Ẹ kó yúrò lọ́wọ́, èyí tó mọ́, tí kò ya, kó sì jẹ́ owó kéékèèké. Káàdì tó bá ti ọ̀dọ̀ báǹkì Amẹ́ríkà wá, ẹ fi sílé.

Mama Houston

Àbíkẹ́ ọmọ mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Àwa tí à ń gbé Amẹ́ríkà, òfin ibí ò gbà ká lọ gbafẹ́ lásán ní Kúbà. Ìdí kan gbọ́dọ̀ wà lára àwọn èyí tí ìjọba là kalẹ̀, kéèyàn sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka èyí láti ìhà ọ̀dọ̀ wa kó má lọ sọ pé Àbíkẹ́ ló ní kóun lọ.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Iná ń lọ níbẹ̀ o, kì í ṣe kékeré. Ní oṣù Kẹwàá 2024, gbogbo erékùṣù náà ló ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí NEPA tọ́ dàgbà kò ní bẹ̀rù, àmọ́ ẹ gbé páwà báǹkì méjì, tọ́ọ̀ṣì, oògùn ẹ̀fọn, àti gbogbo oògùn tí màmá ń lò, kó tó ọjọ́ mẹ́wàá kó sì tún ṣẹ́ kù. Oògùn ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Ilé àwọn èèyàn ni kẹ́ ẹ gba yàrá sí, èyí tí wọ́n ń pè ní casa particular. Àmì kan tó jọ ìdákọ̀ró, aláwọ̀ búlúù, máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fún màmá ní yàrá ìsàlẹ̀, torí àtẹ̀gùn àwọn ilé àtijọ́ yẹn dà bí ìgbà téèyàn ń gun òkè Olúmọ.

Tisà Spéènì

Àbúrò, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Spéènì ní Èkó, mo sì ti dé Kúbà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bó bá jẹ́ èmi, n ó sun Havana fún ọjọ́ mẹ́ta, Matanzas ọjọ́ méjì, n ó wá gba àárín erékùṣù kọjá sí etíkun gúúsù, kí n lo ọjọ́ méjì ní Cienfuegos àti méjì ní Trinidad, ọjọ́ tó kù á jẹ́ ti ọ̀nà. Trinidad tí mo ń wí kì í ṣe ti Port of Spain o. Ìlú kékeré kan ni ní Kúbà níbẹ̀, ọdún 1514 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó.

Ní Havana Àtijọ́, ẹ lọ sí Casa de África ní òpópónà Obrapía. Ọdún 1986 ni wọ́n ṣí i. Àwọn nǹkan tí Fernando Ortiz kó jọ wà lára ohun tẹ́ ẹ máa rí, ọ̀mọ̀wé tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wádìí ìtàn àwọn ọmọ Áfíríkà ní Kúbà. Màmá lè wọ ibẹ̀ láìfòyà. Bí ti Oníkan l'Ékòó ló rí: ère, ìlù, ìwé pélébé tó ń ṣàlàyé wọn, àti ẹnì kan lórí àga tó ń tòògbé.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní lanchita, kẹ́ ẹ sọdá èbúté sí Regla. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ̀bá omi gan-an ni ṣọ́ọ̀ṣì Wúńdíá Regla wà. Dúdú ni Màríà tiwọn, ọmọ funfun ló gbé dání, aṣọ búlúù ló sì wọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ni ní tòótọ́, wọ́n ń ṣe máàsì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kúnlẹ̀ síbẹ̀, Yemoja ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lọ́kàn wọn. Yemayá ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n máa ń ṣe ọdún rẹ̀, ibẹ̀ á kún fọ́fọ́. Lóṣù Kìn-ín-ní, wẹ́rẹ́ ni. Ẹ máa rí ẹni tó wọ funfun láti fìlà dé bàtà kiri ìlú, bó ti wù kóòrùn mú tó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òrìṣà ni, ọdún kan gbáko ló máa fi wọ funfun. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè é? Iyawó. Ì báà jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n, iyawó ni.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀ dé ni Matanzas. Kò ju nǹkan bíi kìlómítà 100 lọ sí Havana, àmọ́ ọ̀pọ̀ àlejò kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí Varadero ni. Ọdún 1693 ni wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ìrèké ló gba gbogbo ẹ̀yìn ìlú, ìrèké sì ń béèrè èèyàn. Ìgbà yẹn náà ni Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun ń ràn káàkiri ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń kó ará wọn tà sí etí òkun. Ohun méjèèjì yẹn ló pàdé níbẹ̀. Lucumí ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá ní Kúbà, àwọn mìíràn tiẹ̀ rówó ra ara wọn, wọ́n padà sí Èkó.

Ilé olódi San Severino wà lẹ́nu èbúté Matanzas. Ní 2009 ni wọ́n sọ ọ́ di mùsíọ́mù ipa ọ̀nà ẹrú. Òkúta ni gbogbo ara rẹ̀, ibọn ńlá kọjú sókun. Mo wọ yàrá tí wọ́n to àwọn òrìṣà sí, mo ń ka orúkọ wọn lára ògiri: Changó, Yemayá, Ochún, Obatalá. Láìmọ̀, ẹnu mi ń fi àmì ohùn sí i. Obìnrin tó ń tọ́jú yàrá náà ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó ní kí n tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àbíkẹ́, mi ò ní tàn ẹ́, yàrá yẹn lè má bá màmá lára mu. Àmọ́ ìta ilé olódi náà, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́, wọ́n lè jókòó síbẹ̀ kí wọ́n máa wo omi títí tó o fi máa jáde.

Tó o bá rí táásì tó máa gbé yín, ẹ lọ sí Triunvirato, kò sí létí òkun ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Matanzas náà ni. Oko ìrèké ni tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá 1843, àwọn ẹrú dìde níbẹ̀, Carlota sì wà lára àwọn tó síwájú wọn. Lucumí ni. Wọ́n pa á níbi ìjà náà. Nígbà tí Kúbà kó ọmọ ogun lọ sí Àǹgólà ní 1975, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ìrìn ogun yẹn. Ère ńlá wà lójú oko náà. Òòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré, ẹ dé akẹtẹ̀.

Ọmọ Awo Ọ̀ṣogbo

Tisà, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n kí ló dé tẹ́ ẹ fo Mùsíọ́mù Òrìṣà ní Havana? Ó wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àṣà Yorùbá tiwọn, Asociación Cultural Yoruba de Cuba, létí òpópónà Prado, tó kọjú sí pápá Parque de la Fraternidad, kò jìnnà sí Capitolio, ilé aṣòfin wọn. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ àwọn òrìṣà náà, wọ́n ga bí èèyàn. Ẹni tó ní mùsíọ́mù tó kan àwọn èèyàn wa lòun fẹ́, tí kò wá débẹ̀, kí ló lọ wò? Màmá lè dúró sí pápá tó wà níwájú rẹ̀, igi ìrókò ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n gbìn ní 1928. Erùpẹ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n kó jọ sídìí rẹ̀.

Bàbá Àgbẹ̀

Ọmọ mi, àràbà ni. Kì í ṣe ìrókò.

Ọmọ Awo Ọ̀ṣogbo

Bàbá, ìrókò ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ sà. Wọ́n ń bọ Ìrókò nídìí rẹ̀.

Bàbá Àgbẹ̀

Mo mọ̀ pé wọ́n ń bọ ọ́. Orúkọ tó wu ni là á jẹ́ lẹ́yìn odi. Àwọn tí wọ́n kó lọ dé ọ̀hún, wọn ò bá ìrókò nínú igbó, wọ́n bá àràbà, tí wọ́n ń pè ní ceiba. Ó tóbi, ó ga, ó ní ẹ̀gún lára nígbà èwe rẹ̀, òwú ń jáde nínú èso rẹ̀. Wọ́n gbé oyè Ìrókò lé e lórí, àwọn àgbà wọn sì ṣì ń pè é ní araba náà. Bákan náà ni Ṣàngó, ọ̀pẹ gíga funfun tí wọ́n ń pè ní palma real ni wọ́n fún un. Àgbọn ni wọ́n ń fi dá obì. Ohun téèyàn bá nílẹ̀ ló ń lò.

Èyí tó lókìkí jù lára àwọn ceiba wà ní El Templete ní Havana Àtijọ́, níbi tí wọ́n ní wọ́n ti ṣe máàsì àkọ́kọ́ ìlú náà ní 1519. Lálẹ́ tí ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kọkànlá bá fẹ́ mọ́, èèyàn á tò, wọ́n á yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á tọrọ nǹkan. Igi tó wà níbẹ̀ báyìí kì í ṣe ti ìgbà yẹn, wọ́n ti tún un gbìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ jẹ́ n wá dórí ọgbà, torí ẹ ti gbàgbé ìyá yẹn.

Ọgbà ewéko àgbà, Jardín Botánico Nacional, wà lẹ́yìn ìlú Havana lápá gúúsù. Ó tó hẹ́ktà 600, ọdún 1984 ni wọ́n ṣí i. Ẹsẹ̀ ò lè rin ín tán, kì í ṣe ti màmá nìkan, tèmi náà. Katakata ló ń fa kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gbé àlejò sí, tí epo bá wà. Tí epo ò bá sí, ẹ sọ fún táásì tó gbé yín lọ pé kó dúró, kó gbé yín kiri inú ọgbà. Wọ́n pín in sí ilẹ̀ ayé kọ̀ọ̀kan, Áfíríkà ní tirẹ̀. Ọgbà Jàpáànì tó wà níbẹ̀ dára fún ìjókòó, omi àti òkúta.

Fún orúnkún, Quinta de los Molinos ló dára jù, àárín ìlú ló wà, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Ọgbà ewéko àtijọ́ ni, ọ̀gágun Máximo Gómez gbé ibẹ̀ ní 1899. Wọ́n ń sin labalábá níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ká wá lọ wo ọgbà ọ́kíìdì ní Soroa, ẹ ní ó dìgbà mìíràn. Ó lẹ́wà, agbẹjọ́rò Tomás Felipe Camacho ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1943 ní ìrántí ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀, ṣùgbọ́n orí gegele ni, ó sì jìnnà sí ọ̀nà yín.

Ọgbà tí mo lè tìtorí ẹ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú ni ti Cienfuegos. Ẹ̀yìn ìlú ni, nǹkan bíi kìlómítà 15. Ará Amẹ́ríkà kan tó ni ilé iṣẹ́ ṣúgà Soledad, Edwin Atkins, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1901 pẹ̀lú Yunifásítì Harvard, wọ́n fẹ́ ìrèké tó máa san ju èyí tí wọ́n ní lọ. Lẹ́yìn náà ló wá di pé wọ́n ń kó igi wá láti gbogbo àgbáyé. Irú ewéko tó wà níbẹ̀ lé ní 2000. Ọ̀pẹ! Oríṣiríṣi ọ̀pẹ tí mi ò mọ̀ pé Ọlọ́run dá. Ọparun tó nípọn bí itan, ọ̀dán tó ta gbòǹgbò sílẹ̀ láti òkè. Kí ẹ dé ibẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á tẹ̀ lé yín, ẹ fún un ní nǹkan.

Kí màmá la ojú sílẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ewé ló ń jẹ́ orúkọ wa lọ́hùn-ún. Peregún. Tete. Ewé dundún. Wọn ò fi àmì sí i, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ ẹ.

Akínrìnàjò

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀: bọ́ọ̀sì àlejò tí wọ́n ń pè ní Viazul wà, ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí epo bá wọ́n, ó lè má lọ. Táásì àjọwọ̀, colectivo, ló gbé mi láti Cienfuegos dé Trinidad, nǹkan bíi kìlómítà 80. Ẹni tó ni ilé tẹ́ ẹ sùn ló máa bá yín wá a, ẹ fẹnu kò lórí owó rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé sínú ọkọ̀. Reluwé Hershey tó ń lọ sí Matanzas, inú ìwé ìrìn àjò ló ti dùn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Ajé, ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ló ń tì. Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sán ni wọ́n ń ṣíwọ́. Ẹ fi ọjọ́ Ajé ṣe ọjọ́ ìrìn.

Mama Houston

Ilé Hemingway, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà yẹn, ńkọ́? Finca Vigía, lẹ́yìn Havana. Mo gbádùn ẹ̀. Wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọnú ilé, ojú fèrèsé lẹ ti máa yọjú wo àwọn ìwé àti orí ẹran tó kọ́ sára ògiri, bí ìgbà téèyàn ń ṣòfófó aládùúgbò. Ó gbé ibẹ̀ láti 1939 sí 1960. Ọgbà ẹ̀ ní máńgò, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀.

Tisà Spéènì

Mo gbàgbé ilé oògùn Matanzas. Ẹ má fò ó. Ọdún 1882 ni Triolet àti Figueroa dá a sílẹ̀, ó di mùsíọ́mù ní 1964. Ìgò tánganran, àpótí ewé gbígbẹ, ìwé ńlá tí wọ́n kọ oògùn sí lọ́wọ́, gbogbo ẹ̀ wà bí wọ́n ṣe fi sílẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìyá àti ọmọ ò ti ní jà.

Trinidad: ẹ wo Palacio Brunet, ibi tí wọ́n ń pè ní Museo Romántico. Ohun èlò ilé àwọn olówó ṣúgà ló kún inú rẹ̀, àwo, ibùsùn, dígí. Ó wù mí, inú sì tún bí mi. Lẹ́yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ sí àfonífojì ìrèké, Valle de los Ingenios, kẹ́ ẹ rí ilé ìṣọ́ Iznaga. Ó ga tó mítà 45. Orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn ẹrú nínú oko, agogo rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n máa jí àti ìgbà tí wọ́n máa ṣíwọ́. Ìwọ gun ún. Màmá, rárá. Àwọn obìnrin ń ta aṣọ funfun onílẹ́ẹ̀sì nísàlẹ̀, wọ́n á rí nǹkan ná owó sí.

Àbíkẹ́ Peckham

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Kí la máa jẹ? Màmá ò lè jẹ sáńwíìṣì fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Ọmọ Awo Ọ̀ṣogbo

Ilá wà, quimbombó ni wọ́n ń pè é. Iṣu wà, ñame. Kókò, malanga. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gún, fufú de plátano. Tẹ́ ẹ bá rí bollitos de carita, àkàrà ni, ẹ̀wà ni wọ́n lọ̀. Ẹ gbé ata lọ́wọ́ o, wọn kì í fi ata sí nǹkan kan.

Àbíkẹ́ Peckham

A ti dé o! Ẹ jẹ́ n jíhìn, torí ẹ̀yin lẹ fi ọ̀nà hàn wá.

Havana, ọjọ́ kejì, wọ́n rí wa mú. Ọ̀gbẹ́ni kan pàdé wa lẹ́nu mùsíọ́mù kan tó ní ó tì nítorí àtúnṣe, òun á mú wa lọ síbì kan tó dára jù ú lọ. Ó mú wa lọ ilé ìtajà sìgá. Nígbà tá a padà, mùsíọ́mù náà ṣí gbayawu. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ibì kan tì, ẹ fi ọwọ́ yín ti ilẹ̀kùn náà wò.

Ọgbà ńlá ti Havana, epo ò sí fún katakata, bí Bàbá ṣe wí gan-an. Táásì ló gbé wa yí i ká. Inú màmá dùn sí Quinta jù ú lọ, labalábá kan bà lé gèlè wọn, ó jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó sanwó. Regla, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n wo Màríà títí, wọ́n ní, "Ó jọ Àǹtí Sàbítíù." Ọ̀rọ̀ parí. Iná lọ lálẹ́ mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án. Onílé wa ní Matanzas tan àbẹ́là, ó gbé àga síta, gbogbo àdúgbò jáde síta, màmá ní bí Ẹ̀pẹ́ ṣe rí nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé nìyẹn.

Ní San Severino, wọ́n ní àwọn ò wọlé. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níta bí Tisà ṣe wí. Mo wà nínú yàrá òrìṣà, mo ń ya fọ́tò ìwé ara ògiri, mo gbọ́ tẹ́nì kan ń ka "Babalú Ayé" lẹ́yìn mi, ó ń sọ pé, "Ọbalúayé ni wọ́n fẹ́ kọ. Ta ló kọ́ wọn ní sípẹ́lì?" Mi ò yíjú. Mo rọra kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n lè rí èyí tó kù.

Triunvirato, a ò rí ọkọ̀ tó gbà láti lọ. Ó dùn mí.

Cienfuegos, Bàbá Àgbẹ̀, ẹ máa gbó, ẹ máa tọ́. Wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ la lò. Ọkùnrin tó mú wa kiri ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwa ò gbọ́ Spéènì. Màmá rí igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ní, "Pèrègún rèé." Ọkùnrin náà dúró. Ó ní, "¡Peregún!" Ó fọwọ́ kan àyà rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti gbàgbé àwọn òdòdó tí wọ́n kọ orúkọ sí, ó ń fà wá lọ sídìí igbó, ó ń nawọ́ sí koríko. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀fọ́ kan tó hù sẹ́bàá paipu omi, ó ní, "Tete." Màmá ní, "Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́." Kò gbọ́ ọ, àmọ́ ó ní kí wọ́n tún un sọ, ó yọ fóònù rẹ̀, ó ká ohùn wọn sílẹ̀.

Bàbá Àgbẹ̀

Inú mi dùn. Màmá ò mú ewé kankan bọ̀?

Àbíkẹ́ Peckham

Wọ́n mú un sà. Ẹ̀ka pèrègún kan, wọ́n fi ìborùn wé e sínú báàgì ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní wọn ò ní jẹ́ ká gbé e wọ Lọ́ńdọ̀nù láìsí ìwé àṣẹ. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn ní pápákọ̀ òfurufú Havana, mo fún obìnrin tó ń gbálẹ̀. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Peckham.